Ríra ọkọ̀ háíbíríìdì àlòkù tó ti rìn jìnnà

Ọkọ̀ háíbíríìdì ni ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì elépo àti mọ́tò iná mànàmáná rìn. Èyí tó bá ti rin nǹkan bí 100,000 máìlì sókè, ìyẹn bí 160,000 kìlómítà, ni àwọn oníṣòwò ọkọ̀ sábà máa ń kà sí èyí tó ti rìn jìnnà. Owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já wálẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn oníbàárà pé bátìrì ńlá inú rẹ̀ ti fẹ́ kú. Ẹ̀rù náà nídìí, àmọ́ kì í ṣe máìlì nìkan ló ń pa ọkọ̀ háíbíríìdì. Ọjọ́ orí ọkọ̀, ooru, àti bí ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ ṣe tọ́jú rẹ̀ ń sọ ju nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ.

Toyota Prius ni àpẹẹrẹ tí ìtàn rẹ̀ gùn jù. Ó jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ó sì dé ọjà Amẹ́ríkà ní 2000. Ìran kejì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìran kẹta tẹ̀ lé e ní 2009, ìran kẹrin sì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2015. Òun ló pọ̀ jù nínú àpilẹ̀kọ yìí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó kàn án kan Camry Hybrid, Highlander Hybrid àti àwọn Lexus háíbíríìdì pẹ̀lú, torí pé ọwọ́ kan náà ló ṣe wọ́n.

Ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Mọ́tò iná méjì ló wà nínú Prius pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ló ń jí ẹ́ńjìnnì, òun kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń rọ iná sínú bátìrì. Èkejì ló ń yí táyà, bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, ó máa ń sọ agbára ìrìn ọkọ̀ padà di iná. Àwọn eyín jíà tí wọ́n tò yí ara wọn ká ló so mọ́tò méjèèjì àti ẹ́ńjìnnì pọ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń pín iṣẹ́ láàárín wọn.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ohun tó ń dà ọkọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn láàmú kò sí níbẹ̀ rárá. Kò sí kíkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì. Kò sí alternator tó ń rọ iná sínú bátìrì. Kò sí jíà tó ń sáré láti ipò kan sí òmíràn, kò sì sí kílọ́ọ̀ṣì tí yóò jẹ tán. Ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bẹ́lìtì tí ó lè já lójijì. Bíréèkì páàdì máa ń pẹ́ gan-an, torí mọ́tò ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá ọkọ̀ dúró. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì máa ń kú fúnra rẹ̀, iná ni ọkọ̀ yóò fi máa wọ́ lọ. Gbogbo máìlì tí ọkọ̀ kà kọ́ ni ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í rò nìyẹn.

Ní 2011, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà dán Prius ọdún 2002 kan wò, èyí tó ti rin ju 200,000 máìlì lọ. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èsì Prius ọdún 2001 kan tí wọ́n ti dán wò nígbà tó ṣì tuntun. Epo tí àwọn méjèèjì jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì lè jẹ́rìí fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó fi hàn pé ìrìn jíjìn nìkan kì í sọ háíbíríìdì di aláìwúlò. Àwọn awakọ̀ takisí ní New York àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò ní London, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, ti ń lo Prius fún iṣẹ́ òòjọ́ láti ọdún pípẹ́.

Nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù

Ọkọ̀ ọdún mẹ́jọ tó ti rin 150,000 máìlì lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, lè dára ju ọkọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó rin 60,000 péré lọ. Bátìrì háíbíríìdì kò fẹ́ràn ìdúró pípẹ́. Iná inú rẹ̀ máa ń jò díẹ̀díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò sì ní wà ní ìpele kan náà mọ́. Máìlì tó kéré lára ọkọ̀ tó ti dàgbà yẹ kó mú ìbéèrè wá, kì í ṣe ìdùnnú nìkan.

Nọ́ńbà náà sì lè jẹ́ irọ́. NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, fojú bù ú pé ó lé ní 450,000 ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lọ́dọọdún tí òǹkà máìlì wọn kì í ṣe òótọ́. Ti Prius ìran kejì tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn pátápátá nígbà mìíràn, bí wọ́n bá sì fi èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, máìlì ọkọ̀ yẹn ni yóò máa hàn. Àwọn kan nínú ìran náà sì máa ń dúró lórí 299,999, wọn kì í kà kọjá ibẹ̀ bó ti wù kí wọ́n rìn tó.

Àkọsílẹ̀ ló ń tú àṣírí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó ní àmì 17, ni wọ́n fi ń wá ìtàn ọkọ̀ Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ bíi Carfax àti AutoCheck. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin béèrè fún, máa ń kọ máìlì sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní nọ́ńbà ọkọ̀ lè wo àkọsílẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ìjọba.

Bátìrì ńlá

Bátìrì Prius ìran kejì àti ìkẹta jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní nickel-metal hydride. Ègé 28 ni wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ agbára wọn sì jẹ́ 201.6 fólítì. Camry Hybrid ọdún 2007 sí 2011 ní ègé 34, tirẹ̀ jẹ́ 244.8 fólítì. Láti inú ègé kan ni iná ti ń bọ́ sínú èkejì, nítorí náà ègé kan ṣoṣo tó bá kú lè dá gbogbo bátìrì dúró, kódà bí àwọn yòókù bá ṣì lágbára.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí bátìrì náà kún tán tàbí kó gbẹ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn inú ọkọ̀ sí i lára, ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Eruku, irun ajá, tàbí ẹrù tí wọ́n kó bo ihò náà lè sé e mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú ọkọ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ láti ihò yẹn, torí kì í purọ́.

Bátìrì tó ń rẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Òṣùwọ̀n rẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò máa kún, yóò máa gbẹ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Fáànù ẹ̀yìn yóò máa pariwo. Ẹ́ńjìnnì kò ní í fẹ́ kú mọ́ bí ọkọ̀ bá dúró. Níkẹyìn, àmì onígun mẹ́ta pupa yóò tàn, sikánà mẹ́káníìkì yóò sì gbé kóòdù P0A80 jáde, èyí tó ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì ńlá. Ẹni tó ń tà lè ti pa kóòdù náà rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, nítorí náà ó dára kí sikánà wo bóyá àwọn ìdánwò ara-ẹni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí. Bí wọn kò bá tíì parí, ẹnì kan ti nu nǹkan kan láìpẹ́, tàbí kó ti tú bátìrì kékeré. Áàpù Dr. Prius, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò OBD, ibi tí sikánà ti ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lè fi agbára àwọn ègé hàn ní méjì-méjì nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra nígbà tí awakọ̀ bá tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ ni àìsàn ti ń hàn.

Gbólóhùn tó gba ìṣọ́ra ni “a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bátìrì rẹ̀ ṣe.” Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń yọ ègé tó kú nìkan, wọ́n á fi ègé àlòkù dí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ yóò rìn, àmọ́ àwọn ègé yòókù ti dàgbà bákan náà, láàárín oṣù díẹ̀ òmíràn lè tẹ̀ lé e. Bátìrì tuntun tó ní rìsíìtì yàtọ̀ pátápátá sí èyí, iye tó yẹ kí ọkọ̀ méjèèjì jẹ́ kò sì yẹ kó dọ́gba.

Bátìrì kékeré oní 12 fólítì tún wà. Bó bá rẹ̀, ọkọ̀ lè má tan, tàbí kí oríṣiríṣi àmì máa tàn tí yóò jọ pé nǹkan ńlá ló bàjẹ́. Òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí owó rẹ̀ kéré.

Ìran kẹta àti tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì

Ní ti ìran kejì, ohun tó yẹ ní wíwò kò pọ̀: ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tí a ti mẹ́nu bà, àti pọ́ǹpù kékeré tó ń yí omi tútù ká inverter, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí mọ́tò ń lò. Nítorí pọ́ǹpù yìí ni Toyota ṣe pe àwọn ọkọ̀ padà fún àtúnṣe ní 2012.

Ìran kẹta ló gba àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ó sì máa ń dá díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ padà sínú ara rẹ̀ láti ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní EGR. Bí máìlì bá ti ń pọ̀, èédú máa ń dí ọ̀nà tóóró náà. Ooru inú ẹ́ńjìnnì á pọ̀ sí i, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ pa, á sì fàyè sílẹ̀ kí omi rédíétọ̀ máa jò sínú sìlíńdà. Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ kọjá: bí wọ́n bá tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tó ṣì tutù, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èéfín funfun lè bá a jáde. Omi inú ike rédíétọ̀ á máa dínkù láìsí pé ó ń kán sílẹ̀.

Ìgbọ̀nrìrì náà kì í hàn mọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí oníbàárà fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó jókòó sínú Prius ìran kẹta. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n dá ìdánwò dúró di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń tà tí kò bá gbà pé kí wọ́n padà wá nígbà tí ọkọ̀ tutù ti dáhùn ìbéèrè náà.

Àwọn ọkọ̀ ìran yìí kan tún máa ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ̀rọ bíréèkì wọn náà lè máa jo agbára inú rẹ̀, tí pọ́ǹpù rẹ̀ á máa kùn ní gbogbo ìgbà láìtẹ bíréèkì, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n. Ní oṣù Kejì 2014, Toyota pe Prius bíi mílíọ̀nù 1.9 padà káríayé nítorí ètò kọ̀ǹpútà inverter tó lè dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. VIN ni wọ́n fi ń wò ó lórí ìkànnì NHTSA bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọkọ̀ kan tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń jí lára Prius ni catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, pàápàá ní London àti California, nítorí àwọn irin olówó iyebíye bíi palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti gé tirẹ̀ máa ń bú ramúramù bí ẹ́ńjìnnì bá ti tan.

Ní Nàìjíríà

Láti 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà. Nítorí náà, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ háíbíríìdì ti ń wá, kì í ṣe Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan tí sítíárìn ọkọ̀ wọn wà lápá ọ̀tún. Kùtọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà wọlé nígbà kan, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ láti oṣù Kìíní 2017. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà epo kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà sí nǹkan bí 500, ọkọ̀ tí kì í jẹ epo púpọ̀ di ohun tí ènìyàn púpọ̀ ń béèrè.

Ní Amẹ́ríkà, Toyota ń dúró fún bátìrì háíbíríìdì fún ọdún mẹ́jọ tàbí 100,000 máìlì, ó sì sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá tàbí 150,000 máìlì láti orí ọkọ̀ ọdún 2020. Àdéhùn yẹn kì í bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní Èkó ni yóò ra bátìrì rẹ̀, kí ó sì ti yọ owó náà nínú iye tó ń ná kó tó san kọ́bọ̀. Bátìrì Bẹ́ljíọ̀mù wà ní Ládípọ̀, àmọ́ láti ara ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ẹni tó ń tà á pàápàá kì í mọ ọdún mélòó tó ti lò. Ó yẹ kí wọ́n wọn ègé kọ̀ọ̀kan lójú oníbàárà.

Ọkọ̀ tí àgbàrá ti wọ̀ léwu ju gbogbo èyí lọ, torí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, ni bátìrì wà. Ẹrẹ̀ tó gbẹ lábẹ́ táyà sípíà, ìpẹtà lára irin ìjókòó àti òórùn bíbu máa ń tú u fó. Ìwé ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ salvage (ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an) tàbí flood (ọkọ̀ tí omi ti wọ̀) sí kò nílò àlàyé mìíràn.

Mẹ́káníìkì tí kò mọ háíbíríìdì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn. Iná inú wọn lè pànìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ tí iná kì í gbà kọjá, kí ó yọ pílọ́ọ̀gì ààbò tó wà lára bátìrì, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kù nínú inverter lè tán.

Lẹ́yìn tí owó bá ti jáde, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti nu fáànù bátìrì, láti pààrọ̀ omi tútù ẹ́ńjìnnì àti ti inverter, àti láti pààrọ̀ ọ́ìlì inú transaxle, ìyẹn àpótí jíà, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í fọwọ́ kàn. Fún ìran kẹta, fífọ EGR wà lára iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti kọjá 100,000 máìlì tí kò sì sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ rí.