Àtúnṣe sí iṣẹ́ bọ́tìnnì Control lórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà

Bọ́tìnnì Control, tí wọ́n máa ń kọ ní Ctrl, kì í dá ṣiṣẹ́. A máa ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ òmíràn ni, bí i Ctrl àti C láti ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀, tàbí Ctrl àti Z láti fagi lé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Orúkọ tí a kọ sórí bọ́tìnnì kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń rí. Nọ́ńbà ni kíbọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bí i Windows tàbí Linux, ló sì ń pinnu iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà yóò ṣe. Nítorí náà, Control tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lè ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n yàn fún un. Irú kejì yìí kò gba owó kíbọ́ọ̀dù tuntun.

Kíbọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀, irú èyí tí a ń bá pàdé ní àwọn ilé ìtẹ̀wé Akúrẹ́ àti Oǹdó, máa ń gbé àṣà orílẹ̀-èdè tó ti wá dání. Lórí ti Jámánì, Strg ni wọ́n kọ dípò Ctrl, Z àti Y sì ti pààrọ̀ àyè. Bí Windows bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to bọ́tìnnì níbẹ̀, ẹni tó tẹ Strg mọ́ ibi tí a kọ Z sí ti tẹ Ctrl àti Y láìmọ̀, ohun tó fẹ́ fagi lé kò sì ní lọ. Ti Faransé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tí wọ́n kọ Z sí ni W wà nínú ètò Amẹ́ríkà, Ctrl àti W a sì máa pa fáìlì tó wà lójú dé, èyí tí kò lè dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá fún títẹ̀. Yíyan ètò tó bá kíbọ́ọ̀dù náà mu nínú Windows ló ń tán èyí.

Lórí Linux tó ń lo X, ìyẹn ètò tó ń gbé àwòrán sójú ìbòjú, àṣẹ xev ló ń fi ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń sọ hàn: Control òsì sábà máa ń jẹ́ 37, Caps Lock, tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, sì jẹ́ 66. Bí nǹkan kan kò bá jáde rárá, eruku ọyẹ́ tàbí omi tó dà sí i ni kí a fura sí. Lórí Windows, a lè ṣí kíbọ́ọ̀dù ojú ìbòjú, kí a fi máòsì tẹ Ctrl níbẹ̀. Bí èyí bá ṣiṣẹ́ tí ti ọwọ́ kò ṣiṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù gan-an ló ní àléébù, àfi bí ẹnìkan bá ti yí iṣẹ́ bọ́tìnnì náà padà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ThinkPad, bọ́tìnnì Fn ló wà ní igun tí ọwọ́ ti ń wá Ctrl, a sì lè pààrọ̀ àwọn méjèèjì nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tan ẹ̀rọ.

Àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ ń yí i ni. Lórí kọ̀ǹpútà IBM ọdún 1981, Ctrl wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A, kí kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnnì 101 tó gbé Caps Lock síbẹ̀. Lórí Linux tó ń lo X, àṣẹ setxkbmap -option ctrl:nocaps ń sọ Caps Lock di Control, ctrl:swapcaps sì ń pààrọ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tí a bá fi xmodmap, àṣẹ mìíràn tó ń yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà, ṣe kì í pẹ́: ẹni tó ń fi setxkbmap pààrọ̀ láàrin ètò Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá yóò rí i pé ó ti pòórá, bẹ́ẹ̀ náà ni bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ sì kú. Lórí Debian, tó jẹ́ ọ̀kan lára irú Linux, XKBOPTIONS nínú fáìlì /etc/default/keyboard ni a ń kọ irú ctrl:nocaps sí kí ó lè dúró.

Lórí Windows, Scancode Map, àkọsílẹ̀ kan nínú Registry tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí, ń yí iṣẹ́ bọ́tìnnì fún gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà, 1D sì ni nọ́ńbà Ctrl òsì níbẹ̀, 3A ni ti Caps Lock. Lórí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, PowerToys, ètò àfikún fún Windows, sàn ju èyí lọ, nítorí ìyípadà rẹ̀ máa ń kúrò bí a bá ti pa á. Láti mú Scancode Map kúrò, a ó pa á rẹ́, a ó sì tún kọ̀ǹpútà tàn.