Jẹjẹrẹ ọmú lára ọkùnrin: ẹ má yọ ẹbí bàbá sílẹ̀

Bí mo bá bi obìnrin léèrè bóyá jẹjẹrẹ ọmú ti mú ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí rẹ̀, ìyá, ìyá àgbà àti àwọn àbúrò ìyá ló máa ń kà fún mi. Ó di ìgbà tí mo bá tún un bèèrè kí ó tó mẹ́nu kan ẹbí bàbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìsàn yìí kò kan ọkùnrin rárá. Ó kàn án. Ìwọ̀nba ẹran ọmú wà lẹ́yìn orí ọmú ọkùnrin gbogbo, jẹjẹrẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́, kò wọ́pọ̀: nínú 100 ènìyàn tó ní jẹjẹrẹ ọmú, bóyá ni a ó rí ọkùnrin kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọkùnrin, ó yẹ kí a fura pé ó lè jẹ́ àjogúnbá.

Jíìnì (ìtọ́ni àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni BRCA2, tó wà lórí kúrómósómù kẹtàlá, ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé jíìnì. Ọdún 1994 ni àwọn onímọ̀ mọ ibùgbé rẹ̀, ọwọ́ wọn sì tẹ jíìnì náà gan-an ní 1995. Kò sí ẹni tí kò ní in: a gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ bàbá, a gba èkejì lọ́dọ̀ ìyá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá sẹ́ẹ̀lì tún DNA, èròjà tí a fi ṣe jíìnì, ṣe nígbà tí fọ́nrán rẹ̀ méjèèjì bá já pọ̀. Ẹni tó jogún ẹ̀dà kan tó ní àléébù ṣì ní èkejì tó ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ sì lè le títí di ọjọ́ ogbó. Ìgbà tí ẹ̀dà kejì náà bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yẹn kò ní lè tún ara rẹ̀ ṣe dáadáa mọ́, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe, títí yóò fi máa pín láìdáwọ́dúró.

Ẹ wo bí ewu náà ṣe yàtọ̀ síra. Nínú 100 ọkùnrin tó ní àléébù BRCA2, bíi 4 sí 7 ni jẹjẹrẹ ọmú máa ń mú kí wọ́n tó pé 80 ọdún. Ti ọkùnrin tí kò ní in kò ju nǹkan bí 1 nínú 1,000 lọ. Obìnrin tó bá jogún àléébù kan náà ńkọ́? Bíi 69 nínú 100. Nítorí náà, bàbá lè gbé e kiri títí ó fi máa kú láìsí àmì kankan, kí ó sì ti fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọkùnrin nìkan bá pọ̀ nínú ẹbí kan, àléébù yìí lè fara pamọ́ fún ìran méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ló ní ìdá 50 nínú 100 láti jogún rẹ̀. Pé ẹ̀gbọ́n ti gbà á kò yọ àbúrò sílẹ̀.

Ní 2019, Mathew Knowles, bàbá Beyoncé, sọ ọ́ ní gbangba pé òun ní jẹjẹrẹ ọmú, àti pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní àléébù BRCA2. Ní Iceland, àléébù BRCA2 kan ṣoṣo tó ti wà nínú ìran wọn tipẹ́ ló wà lára bíi ìdá 40 nínú 100 àwọn ọkùnrin tó ní àìsàn yìí.

BRCA2 nìkan kọ́. Àwọn jíìnì BRCA1, PALB2 àti CHEK2 náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n bí pẹ̀lú kúrómósómù X méjì àti Y kan, èyí tí à ń pè ní Klinefelter, náà wà nínú ewu tó pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ni a kò rí jíìnì àjogúnbá kankan lára wọn.

Kókó líle tí kì í dunni lẹ́yìn orí ọmú kan, orí ọmú tó ń wọlé sínú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀: ẹ má fi sùn mọ́jú. Ọmú ọ̀dọ́kùnrin tó wú ní ọ̀tún àti òsì, tó rọ̀, tó sì ń dùn ún, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ni láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tí jẹjẹrẹ ọmú bá mú, iye ọdún yòówù kó jẹ́, ó yẹ kí wọ́n fi àyẹ̀wò jíìnì lọ̀ ọ́. Èsì rẹ̀ lè ṣí ọ̀nà fún oògùn jẹjẹrẹ bíi olaparib, ó sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ó yẹ kí a máa ṣọ́ próstéètì rẹ̀ (ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin) láti 40 ọdún, nítorí BRCA2 ń fa jẹjẹrẹ níbẹ̀ náà. Ẹni tó ń ṣàìsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí àléébù lára rẹ̀, àléébù yẹn gan-an ni wọn yóò wá lára àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ tó ti dàgbà. Ọmọ tí kò jogún rẹ̀ kò lè fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà mìíràn, èsì á sọ pé àyípadà kan wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì dájú. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gé ọmú ẹnikẹ́ni. Ìtàn ìdílé ni a ó fi máa tọ́jú wọn, a ó sì padà bi ilé àyẹ̀wò léèrè lẹ́yìn ọdún díẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n padà ń kà sí aláìléwu.