Ta ló wọn òkè tí ọ̀nà ò dé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ní Òṣogbo níbí, mo máa ń rí àwọn awọnlẹ̀ tó ń gbé irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri Òkè-Baálẹ̀. Mo wá ń wo máàpù odò South Nahanni, ní àríwá Kánádà, lórí fóònù mi. Aginjù ni, kò sí títì tó dé etí odò yẹn. Ta ló wọn gbogbo òkè ibẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, láti ojú òfuurufú ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bàálù á máa fò lọ tààrà, kámẹ́rà rẹ̀ á máa ya ilẹ̀, fọ́tò kọ̀ọ̀kan á sì tún ya nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ tó wà nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí òkè kan ṣe bọ́ sínú fọ́tò méjì nìyẹn, láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Na ìka kan síwájú ògiri. Di ojú ọ̀tún, ṣí i, kí o wá di tòsì. Ìka náà á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ògiri ò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Orí òkè sún mọ́ bàálù ju ìsàlẹ̀ odò lọ, òun ló ń sún jù láàárín fọ́tò méjèèjì. Bó ṣe sún tó ni wọ́n ń ṣírò di mítà. Síbẹ̀, awọnlẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibì kan: hẹlikọ́pítà a gbé wọn sórí àwọn òkè díẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n dájú, kí ìṣirò yòókù lè dúró lé e.

Ìbéèrè: Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí mo rí lórí máàpù náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Gbogbo ibi tí ìlà kan gbà kọjá, gíga kan náà ni. Ká ní mítà 20 ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì: bí ìlà márùn-ún bá gé odò, láti àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún, omi ti sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 80. Bí àwọn ìlà náà bá fún mọ́ra, kí atukọ̀ tètè gúnlẹ̀! Virginia Falls, ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ lórí odò yìí, ga tó nǹkan bíi mítà 90.

Ìbéèrè: Ṣé ó ṣeé gbára lé?

Ìdáhùn: Òkè, bẹ́ẹ̀ ni. Odò, kì í ṣe gbogbo ìgbà, torí omi ń jẹ etí ilẹ̀, ó sì ń kó yanrìn kiri. Àwọn ará Dene, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tó ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ kí bàálù tó dé mọ ohun tí fọ́tò ò lè mú. Torí náà, ọdún tí wọ́n tẹ máàpù nìkan ò tó wò. Wá ọdún tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.