Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àdìrẹ: ohun tí wọ́n ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti èyí tó ń dúró de ìkòkò

Ẹni tó bá wọ ilé iṣẹ́ àdìrẹ ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta láti kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, aró ni ọkàn rẹ̀ ti wà látilé. Lọ́pọ̀ ibi, ìko ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Yóò jókòó, yóò máa fa aṣọ funfun sókè díẹ̀díẹ̀, yóò máa fi ìko yí i ká, yóò sì so ó pinpin. Ibi tí ìko bá dì, aró kò ní í débẹ̀. Oríṣi yìí ni àdìrẹ oníko, àwọn òbìrí ńláńlá rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní oṣù bàmbà. Wọ́n ń fi í bẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò gba ọwọ́ ayàwòrán: bí ìdè kan bá tú, àmì ibẹ̀ kàn máa ṣú ni, kò ba odindi aṣọ jẹ́. Alábẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ń fi òwú rán aṣọ pọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ó ń gba àkókò púpọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ gan-an. Wọ́n máa ń fi omi ro láfún lórí iná di ẹ̀kọ, wọn a fi álọ́ọ̀mù sí i, wọn a sẹ́ ẹ kó má ní kókó. Ìyẹ́ adìyẹ ni kálàmù. Wọ́n ń ṣẹ́ aṣọ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin kí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan lè ní yàrá tirẹ̀. Ìró ayé àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ abala méjì, ọ̀pá méjì ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n rán pọ̀. Ìyá tó mọṣẹ́ kì í ya àpẹẹrẹ sórí bébà kó tó fi ẹ̀kọ yà á sórí aṣọ. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: Ìbàdàndùn tó ní àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú, Olókun, àti Júbílì tó jáde nígbà ayẹyẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró ṣinṣin, páànù tí wọ́n gé ojú àpẹẹrẹ sí lára wà, wọn a tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọn a fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin ni páànù yìí ní Abẹ́òkúta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ jẹ́ ti obìnrin. Ojú kan ṣoṣo lára aṣọ ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, wọn a sì sá a títí yóò fi le.

Aró ló kàn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń rò pé bí aṣọ bá ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò ni yóò ṣe dúdú tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan ìkòkò ló ń mú un yòrò, wọ́n sì ń gba atẹ́gùn kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá jáde, ó máa ń ní àwọ̀ ewé tútù. Atẹ́gùn ló ń dá a padà sí aró lójú ẹni, tí àwọ̀ náà yóò sì há sínú fọ́nrán òwú. Nítorí náà, kí wọ́n rì í, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n jẹ́ kó gbatẹ́gùn, kí wọ́n tún rì í. Iye ìgbà ni ń mú un ṣú. Aṣọ ẹlẹ́kọ tó bá pẹ́ jù nínú omi, ẹ̀kọ rẹ̀ á rọ̀, á yọ́, àpẹẹrẹ á sì dàrú. Kò sí fífún rárá.

Ìkòkò fúnra rẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan kò lè tán. Láyé àtijọ́, wọ́n ń gún ewé èlú, wọn a ṣù ú, wọn a sá a gbẹ. Wọn a da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ kó lè máa kán sínú èyí tó wà nísàlẹ̀, omi eérú yìí ni wọ́n sì fi ń rẹ èlú fún ọjọ́ púpọ̀. Òórùn àti ojú omi ni ìyá aláró fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Ìkòkò mìíràn a kọ̀, wọn a sì ké pe Ìyá Mapó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Ọmọ tó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ á kọ́ gbogbo èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é jókòó. Ti òde òní rọrùn: aró oníyẹ̀fun, kọ́sítìkì sódà àti háídírò (kẹ́míkà tó ń gba atẹ́gùn kúrò lára aró), kò gba wákàtí púpọ̀. Kọ́sítìkì ni kí wọ́n máa dà sínú omi, kì í ṣe omi sórí kọ́sítìkì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Èyí kì í ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá fi háídírò ṣiṣẹ́ tó sì ń pè é ní èlú ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ.

Ìlànà kíkọ́ṣẹ́ ní ìwọ̀nba ọjọ́ yìí kò jẹ́ tuntun ní Òṣogbo. Ayàwòrán Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olókìkí kan níbẹ̀ ní 1964, ní àyíká Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, fún àwọn ọ̀dọ́ tí púpọ̀ wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí. Ní 1983, Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ àdìrẹ, dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú yẹn kan náà, kò sì gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Àbẹ́là yíyọ́ ti dara pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ báyìí. Wọ́n ń gé fóòmù bí òǹtẹ̀, wọn a tì í bọ àbẹ́là gbígbóná, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Bí àbẹ́là bá funfun lórí aṣọ, kò gbóná tó, kò sì dé ẹ̀yìn. Aró yóò gba abẹ́ rẹ̀. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́ kúrò níkẹyìn, ìdí nìyẹn tí aró rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tutù.

Ti ẹ̀kọ, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ha á kúrò nígbà tí aṣọ bá gbẹ, á máa ṣubú bí ìpẹ́. Aṣọ àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gbé lọ sílé, kí ó dá a fọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Aró tó kù lójú rẹ̀ kì í ṣàánú aṣọ funfun.