Ta ni Fúnmi tí Bàbá Àyọ̀ ń pè lójú oorun?

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí aládùúgbò mi kan fi wá ń kanlẹ̀kùn. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi Bàbá Àyọ̀, ta ni Fúnmi?" Ẹ̀ẹ̀mejì lọkọ rẹ̀ pe orúkọ náà lójú oorun. Ọkùnrin ọ̀hún dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé, ó ń nu ojú bí ẹni tó jí bá ara rẹ̀ nílé onílé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí tí wọ́n ń gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi, ó ti sú mi. Wọ́n ní ẹni tó ń sùn kò lè purọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní tí o bá rọra di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣèrànrán mú, tí o wá ń bi í léèrè, gbogbo àṣírí ló máa tú. Mo mọ obìnrin kan tó dán an wò. Ọkọ rẹ̀ ta á nípàá, ó sì ń bá oorun rẹ̀ lọ.

Pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ lójú oorun kì í ṣe tuntun. Nínú ẹgbẹ̀rún kan àgbàlagbà tí wọ́n bi léèrè ní Norway, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ní àwọn ti ṣe é rí. Kí wá ni wọ́n ń sọ? Ta ló sì gbọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Fúnmi yìí. Kọ́ńdọ́ ni Bàbá Àyọ̀, Ìyànà-Ìpájà sí Ọ̀ṣòdì. Láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, "Ẹ fún mi lówó ọkọ̀" ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá pe "fún mi" àti "Fúnmi" sókè, kí ẹ sọ ìyàtọ̀ wọn fún mi. (Fúnmi kọ́ o, èmi ni.) Gbólóhùn lorúkọ tiwa. Obìnrin tó ń sọ pé "wálé, wálé" lójú oorun, ṣé ọmọ tó ń ṣeré níta ló ń pè, àbí ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́? Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá sì ní "mo dúpẹ́", tí oorun gbé "mo" mì, ilé dàrú nìyẹn.

Ìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá já gaara ni o. Ẹni tó ń sùn kì í sábà yanu dáadáa, kíkùn ló sábà máa ń kùn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tá a fi ń mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sì lè dàpọ̀. Ẹlẹ́rìí wá ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí láago méjì òru, tí jẹnẹrétọ̀ ará kejì ń dún lójú fèrèsé rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ò rántí. Ẹni tó gbọ́ ọ ò tíì jí tán. Mo bi Ìyá Àyọ̀ bóyá ó gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn Fúnmi. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó jọ pé òun gbọ́ "igba náírà".

Igba náírà!

Àwọn dókítà oorun nílé ìwòsàn Pitié-Salpêtrière ní Paris gba ohùn èèyàn 232 sílẹ̀ lóru, aláìsàn oorun ló pọ̀ jù nínú wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Nínú ìgbà 883 tí wọ́n gbọ́ wọn, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, kíkùn, igbe àti ẹ̀rín lásán ni. Nínú ìwọ̀nba tó yé wọn, "Rárá" lọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù, èébú náà ò sì wọ́n. Bó bá jẹ́ òótọ́ inú ló ń jáde lóru, a jẹ́ pé àwọn ará Faransé kò gbà ni. Kí ni wọn ò gbà?

Èmi náà ò ní búra o. Àwọn dókítà yìí kan náà rí i pé gbólóhùn tó bá já gaara máa ń tò létòlétò, bíi ti ẹni tó lajú sílẹ̀. Ohun téèyàn ń ṣe lójúmọmọ sì lè bá a wọ oorun, bí Bàbá Àyọ̀ ṣe gbé ọkọ̀ gun bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, Fúnmi kan lè wà níbì kan. Ẹni tó bá máa wá a, kó wá a lójúmọmọ.

Ohun tí Ìyá Àyọ̀ ò kà sí ni mo bi í: ṣé ara ọkọ rẹ̀ ń gbóná? Ṣé ó mutí sùn? Ó ń sùn dáadáa ṣá? Ibà, ọtí àti àìsùntó máa ń fa ìrànrán. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo lóru, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́, tó ń fò bọ́ sílẹ̀ bí àlá rẹ̀ ṣe ń lọ, ẹ má kàn sọ pé ìyàwó òru ni, kẹ́ ẹ máa gbé e gun orí òkè. Ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ó lè jẹ́ àmì Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kẹ́ ẹ tó délé ìwòsàn, ẹ kó ọ̀bẹ àti ìgò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Àyọ̀ ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Àbí Fúnmi ló jẹ yín ní igba náírà?"