Ohun tí owó gọbọi ń rà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ

Bí wọ́n bá gbé aṣọ méjì síwájú télọ̀ tó mọṣẹ́, ọ̀kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ Butterfly dúdú rán, èkejì tí wọ́n fi ẹ̀rọ Bernina tó lé ní 10,000 dọ́là rán, kò dájú pé yóò lè fi ojú rírán mọ èwo ni èwo, bí àwọn tó rán wọn bá ti ṣe sẹ́tìnnì ẹ̀rọ wọn dáadáa. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣe: òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ ń kọ́ ara wọn láàárín aṣọ. Elias Howe gba ìwé àṣẹ lórí irú rírán yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1846, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ ń rán títí dòní. Ohun tí wọ́n ń ta lówó gọbọi ni pé kí rírán náà má yí padà bí aṣọ bá nípọn lójijì, bó bá ń yọ̀, bó bá gùn, tàbí bí aránṣọ bá kàn rọra fẹsẹ̀ kan pẹ́dà.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ni àlàyé ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kì í sábà dé. Abẹ́rẹ́ á gbé òwú òkè wọ inú aṣọ, á lọ sísàlẹ̀ dé ibi tó lè lọ dé. Bó bá ti ń padà bọ̀, tí kò tíì gòkè tó mílímítà mẹ́ta, òwú ẹ̀yìn rẹ̀ á wú, á ṣe òrùka kékeré kan, torí pé aṣọ di òwú náà mú, kò jẹ́ kó bá abẹ́rẹ́ gòkè. Àkókò yẹn gan-an ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tó ń yí nísàlẹ̀, èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń pè ní húùkù, á ki ẹnu bọ òrùka yẹn, á fà á fẹ̀, á sì gbé e yí bọ́bìn, kẹ̀kẹ́ kékeré tó gbé òwú ìsàlẹ̀, po. Apá irin tó ń lọ sókè sódò níwájú ẹ̀rọ á wá fa òwú tó ṣẹ́ kù sókè, á fi há òwú bọ́bìn mọ́ àárín aṣọ. Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó gún aṣọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí húùkù bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, tàbí tí àyè tó wà láàárín òun àti abẹ́rẹ́ bá fẹ̀ jù, kò ní bá òrùka náà. Ohun tí àwọn télọ̀ ń pè ní jáǹpù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òwú, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀ tàbí tí wọn ò tì dókè ló fà á.

Nínú Butterfly, húùkù kì í yí po. Á lọ dé ìdajì, á tún padà sẹ́yìn. Lílọ-bíbọ̀ yẹn ló ń mú kí tábìlì máa gbọ̀n bí aránṣọ bá sáré. Nínú ẹ̀rọ tó ga jù bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni húùkù ń yí sí láìpadà, ẹ̀ẹ̀mejì fún gígún kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí Juki DDL-8700, irú èyí tó wà ní ilé iṣẹ́ aṣọ káàkiri ayé, fi lè gún aṣọ nígbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan. Juki TL-2010Q, tí wọ́n ṣe fún ilé àti fún àwọn tó ń rán quilt, aṣọ ìbora alábùlẹ̀, ń gún tirẹ̀ nígbà 1,500, ìyẹn náà sì ti yára ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ lè darí lọ. Ká sòótọ́, eré kọ́ ló yẹ kó fa ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tuntun, àfi ẹni tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá igba lóṣù.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti ń hàn sí aránṣọ lójoojúmọ́ ni bí ẹ̀rọ ṣe ń ti aṣọ lọ. Allen Wilson, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1854 lórí eyín tó wà lábẹ́ aṣọ, tí gbogbo ẹ̀rọ ṣì ń lò. Eyín náà á yọrí sókè, á fi aṣọ sún síwájú, á rì, á wá gba ìsàlẹ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àléébù kan wà nínú ètò yìí tí kò tán láti ọjọ́ náà. Aṣọ ìsàlẹ̀ nìkan ni eyín ń gún mọ́ra. Aṣọ òkè ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, irin dídán tí kò ní eyín, tó ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń dá a dúró. Nítorí náà ìsàlẹ̀ á máa yára ju òkè lọ ní díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gé aṣọ méjì dọ́gba, tí wọ́n rán an láti òkè dé ilẹ̀, òkè á gùn ju ìsàlẹ̀ lọ bí wọ́n bá dé òpin. Télọ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kan fi máa ń wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí èkejì wà níwájú, tó ń na aṣọ. Ó mọ́ ọn ṣe débi pé kò mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́. Bó bá ṣi í ṣe díẹ̀ lórí ankara onílà, tàbí lórí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ni yóò rí i.

Ẹ̀rọ olówó ńlá ń fún aṣọ òkè ní eyín tirẹ̀. Pfaff ti ilẹ̀ Jámánì fi irin kékeré kan sẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá di aṣọ òkè mú, tó sì ń bá eyín ìsàlẹ̀ rìn pọ̀. Bernina àti Janome náà ní tiwọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ lè ra ẹsẹ̀ tó ń rìn, èyí tó ní apá kan tó ń kọ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dè abẹ́rẹ́. Ó tóbi, ó ń pariwo, àmọ́ ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí aránṣọ kọ́kọ́ dán an wò kó tó ná owó ẹ̀rọ.

Quilt ló sọ ọ̀rọ̀ eyín òkè yìí di dandan. Aṣọ ìbora ni, tí wọ́n fi àbùlẹ̀ oríṣiríṣi tò bí àwòrán, tí wọ́n tẹ́ òwú fẹ́lẹ́ sí àárín, tí wọ́n fi aṣọ mìíràn ṣe ẹ̀yìn, tí wọ́n wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè délẹ̀. Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ náà ti gbòòrò jù, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ìlú Gee's Bend ní Alabama sì wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nídìí rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ oko tó ti gbó ni wọ́n ń gé, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì fi rán ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 2002 wọ́n gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Houston. Ẹni tó bá ń ronú pé ẹ̀rọ ló ń ṣe quilt tó dára, kó rántí ìyẹn.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ rán an ń bá ìṣirò jà. Ìdámẹ́rin ínǹṣì, mílímítà mẹ́fà lé díẹ̀, ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ létí àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ogún àbùlẹ̀ wà lórí ìlà kan. Ojú ìso mọ́kàndínlógún ni yóò wà níbẹ̀. Bí aránṣọ bá fi mílímítà kan péré jẹ̀ kọjá ààlà lápá méjèèjì ìso kọ̀ọ̀kan, ìlà náà á fi mílímítà 38 kúrú, ìyẹn ínǹṣì kan àbọ̀, kò sì ní bá ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí mọ́. Wọ́n lè fi ìka fa búbá bọ̀ sípò, wọ́n lè fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Quilt kì í gbà.

Ọ̀rọ̀ àyè náà tún wà níbẹ̀. Láàárín abẹ́rẹ́ àti òpó ẹ̀rọ lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ ilé lásán sábà máa ń fún ènìyàn ní nǹkan bí ínǹṣì mẹ́fà tàbí méje. Ó tó fún aṣọ, kódà fún agbádá, nítorí agbádá rọ̀, ó ṣeé ká. Quilt tó bo bẹ́ẹ̀dì ńlá lè fẹ̀ tó ínǹṣì 90, bí wọ́n bá sì fẹ́ rán àárín rẹ̀, ìdajì rẹ̀ tí wọ́n ká bí ẹní gbọ́dọ̀ gba abẹ́ apá ẹ̀rọ kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un fi ní àyè tó fẹ̀ ju ti ilé lásán lọ, àwọn mìíràn tó ínǹṣì mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Irú mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbé sórí férémù. Aṣọ á dúró, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa rìn lórí irin, àmọ́ yàrá kan gbáko ni yóò gbà.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi òwú ya òdòdó tàbí ewé sórí quilt, wọ́n á rẹ eyín sílẹ̀, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ tì í síbi tó wù wọ́n. Nígbà yẹn, eré ọwọ́ àti eré mọ́tò ló ń pinnu gígùn ojú rírán. Bí ọwọ́ bá sáré tí mọ́tò falẹ̀, rírán á gùn gbọọrọ. Bí ọwọ́ bá dúró, òwú á ṣùjọ sójú kan. Bernina fi ojú kékeré kan sí ara ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń ka bí aṣọ ṣe ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, bí máósì kọ̀ǹpútà ṣe ń ka tábìlì, tó sì ń sọ fún mọ́tò bí yóò ṣe yára tó. Ó ń gba olówó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ìdánrawò. Ẹni tí kò bá ní í rán quilt ti sanwó ohun tí kò ní lò láé.

Ibí ni ọ̀nà quilt àti ọ̀nà aṣọ wíwọ̀ ti pínyà. Aṣọ wíwọ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ tó mọ nǹkan púpọ̀: ojú bọ́tìnnì, sígísáágì tí wọ́n fi ń so ìlà aṣọ òkè pọ̀, rírán tó ń fà bí aṣọ bá ń fà. Quilt ń fẹ́ ẹ̀rọ tó mọ rírán gbọọrọ nìkan, kó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. TL-2010Q tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò mọ sígísáágì rárá. Ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè fì dé mílímítà mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ ní ihò gbọọrọ nínú irin tí aṣọ ń gbà kọjá, shífọ́ọ̀nù tàbí etí léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì máa ń bá abẹ́rẹ́ wọ inú ihò yẹn, ẹ̀rọ á jẹ ẹ́. Oògùn rẹ̀ ni irin oníhò róbótó kékeré kan, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ó pọn dandan kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó padà sí sígísáágì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ á kán sí ojú aránṣọ.

Mọ́tò ni apá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè. Mọ́tò ẹ̀rọ ilé tí kò wọ́n máa ń lágbára bó bá ń sáré, bí wọ́n bá rọra tẹ̀ ẹ́, agbára á lọ, kò ní lè gun ìṣẹ́po jíìnsì kọjá àyàfi tí wọ́n bá fi ọwọ́ yí i. Ẹ̀rọ tó dára ń gún ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára kan náà. Lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní índọ́sítríà, oríṣi méjì ni mọ́tò. Ti àtijọ́, kílọ́ọ̀ṣì, ń yí láìdúró láti ìgbà tí wọ́n bá ti tàn án, bí aránṣọ ń rán aṣọ, bó ń jẹun. Ó ń hó, ó sì ń jẹ iná. Ti ìgbàlódé, sáfò, kì í yí àfi tí ẹsẹ̀ bá kan pẹ́dà, wọ́n sì lè dín eré rẹ̀ kù. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́, pípààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì sí sáfò nìkan lè jẹ́ ìtẹ̀síwájú tó tó, láìra orí ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ iná tún kan àwọn tó ń ti òkè òkun fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé. Fóòtì 120 ni ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Houston tàbí Atlanta ń lò, nígbà tí Nàìjíríà ń lo 230, bíi ti Ìlú Ọba. Bí wọ́n bá kì í bọ iná lásán, páńẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á jóná lójú ẹsẹ̀. Kódà èyí tó bá fóòtì ilé mu nílò sítábíláísà tó dára, nítorí ẹ̀rọ tó kún fún ẹ̀rọ ayárabíàṣá nínú kò lè fara da iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bí Butterfly ṣe lè ṣe é. Ta ni yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Fún ọ̀pọ̀ télọ̀ nílé, índọ́sítríà oní-sáfò kan, ẹ̀rọ wívìn kan tó ń di etí aṣọ, àti ẹ̀rọ ilé kékeré kan fún ojú bọ́tìnnì, sàn ju ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó mọ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta iṣẹ́ ọnà lọ. Bí ẹyọ kan yẹn bá bàjẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló dúró.

Kí olùrà gbé aṣọ tirẹ̀ dání lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Aṣọ líle tí àwọn ọlọ́jà fi ń dán ẹ̀rọ wò máa ń jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ dà bí ọ̀gá. Kó gé aṣọ tó ń yọ̀ sí ìlà méjì tó dọ́gba, mítà kan kan, kó rán wọn pọ̀ láìfi píìnì kankan dè é, láìfà á, kó wo iye tí òkè fi gùn ju ìsàlẹ̀ lọ. Kó ṣẹ́ jíìnsì po sí mẹ́fà, kó rọra gún un kọjá bí ìgbín. Kó ṣe ojú bọ́tìnnì mẹ́ta tẹ̀léra lórí aṣọ tí wọ́n lẹ sítífì mọ́, kó yí aṣọ dà, kó wo ẹ̀yìn wọn, nítorí ẹ̀yìn ni tẹ́ńṣàn, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń fa òwú le tó, máa ń hàn sí bí kò bá dára.

Bó bá délé, kó má kó abẹ́rẹ́ àtijọ́ sínú ẹ̀rọ tuntun. Ìdí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé pẹlẹbẹ lápá kan, HAx1 ló ń jẹ́; ti índọ́sítríà, DBx1, rí róbótó, kò sì ní ojú pẹlẹbẹ tó máa sọ fún ọwọ́ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Apá ọ̀tún ni òwú ti ń wọ abẹ́rẹ́ Butterfly, apá òsì ló ti ń wọ ti índọ́sítríà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí èkíní sì máa ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ já òwú nítorí èyí nìkan. Ọ̀pọ̀ índọ́sítríà ń jókòó sínú àwo epo, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń fa epo sókè fúnra rẹ̀, nítorí náà wọn ò gbọ́dọ̀ tàn án kí wọ́n tó bu epo sí i dé ojú ààmì. Epo funfun ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Epo ẹ́ńjìnnì á ki mọ́ ara irin, á sì kán sórí léèsì oníbàárà.