Kí Ẹ Tó Lọ Ra Gíábọ́ọ̀sì Tòkunbọ̀

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé Camry ọdún 1999 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Tiny Light ni, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Àwọn kan ti ní kó lọ ra gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, àwọn ọmọ sì ti ń dá owó rẹ̀ jọ. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni mọ́tò náà ń ṣe gan-an?"

"Wọ́n ní gíà ti kú."

"Ẹ má sọ ohun tí wọ́n wí fún mi, sà. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rí nídìí ọkọ̀ ni kí ẹ sọ."

Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá fi sí rìfáàsì, àfi kí àwọn tẹ iná gan-an kó tó fẹ̀yìn rìn. Tí àwọn bá ń lọ lójú títì, á gbéra dáadáa, á bọ́ sí gíà kejì wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá ku kó bọ́ sí ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnì á kàn máa ké, mọ́tò ò ní sáré.

Ohun tí Bàbá sọ yẹn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í sọ ju "gíà ò gbé" lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì ràn mẹkáníìkì lọ́wọ́. Gíà wo ni ò gbé? Láàárọ̀ ni, àbí nígbà tó bá ti gbóná? Bó bá jẹ́ àárọ̀ ló máa ń pẹ́ kó tó gbé, tó sì ń ṣe dáadáa tó bá ti rìn díẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ tó ti le ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ rẹ̀ dáa, àmọ́ tó ń yọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ nínú sunkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pléètì ló ń tán lọ, torí ọ́ìlì tó gbóná kì í ki mọ́, agbára tó fi ń tẹ pléètì pọ̀ á sì dín kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé inú rẹ̀ díẹ̀. Gíà mọ́tò yìí, gíà ọtọmátíìkì tí Toyota ń pè ní A140E, kì í fi eyín wọ eyín bíi ti gíà oníkílọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá ń pààrọ̀. Pléètì ló wà níbẹ̀ ní ìdì ìdì: irin kan, ọ̀kan tí wọ́n lẹ ohun tó dà bíi bébà mọ́, irin mìíràn, bébà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Agbára ọ́ìlì á ti písítìnì kan, písítìnì á fún pléètì pọ̀, wọ́n á sì jọ máa yí. Ìdì kan kì í ṣe iṣẹ́ gíà kan ṣoṣo. Ìdì tó ń gbé gíà kẹta náà ló ń gbé rìfáàsì. Ẹ̀kínní àti ìkejì ò nílò rẹ̀ rárá. Bí ilé méjì bá ń pọn omi nínú kànga kan, tí omi sì wọ́n nílé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kànga la máa lọ yọjú wò.

Ṣùgbọ́n rìfáàsì tún ní ìdì kejì tó ń bá a ṣiṣẹ́, èyí tó ń di gíà mú mọ́ ara ilé rẹ̀. Ìdì kejì yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀pá gíà bá wà ní L, ìyẹn ipò gíà kìíní. Nítorí náà, mo gbé Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a fi L sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ́ńjìnì di mọ́tò mú, kò jẹ́ kó já lọ. Ìyẹn dáa. Ó ku ìdì kan tí ọwọ́ ẹ̀sùn ń nà sí.

Mo sáré síwájú díẹ̀ o, torí ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó jáde. Lórí Toyota irú èyí, ẹ jẹ́ kí mọ́tò gbóná, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lórí síló láìtẹ iná, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ gbé ọ̀pá gíà káàkiri láti P dé L, kí ẹ dá a padà sí P, kí ẹ tó fa gáàjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ láìpa ẹ́ńjìnì. Ti Honda ayé ìgbà yẹn yàtọ̀: ẹ máa pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ọ́ìlì tó dáa pọ́n, a sì lè rí òdìkejì rẹ̀. Tó bá dà bíi tíì onímílíìkì, omi rádíétọ̀ ti wọ inú gíà. Ẹ má wa mọ́tò náà lọ síbì kankan mọ́, torí omi ń tú àtè tí wọ́n fi lẹ bébà mọ́ pléètì. Ti Bàbá dúdú, ó sì ń rùn bí ìdí ìkòkò ẹ̀wà tó jóná.

Ọ́ìlì tó jóná nìkan kò tó kí a fi tú gíà. Kébù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń wọ ẹ́ńjìnì, òun ló ń sọ fún gíà bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó. Tí ẹ bá tẹ iná délẹ̀, kò yẹ kí àlàfo tó wà láàárín ohun ìdádúró kékeré tó wà lára kébù náà àti ẹnu rọ́bà tó bò ó ju mìlímítà kan lọ. Tó bá dẹ̀, agbára ọ́ìlì á lọ sílẹ̀, gíà á máa yọ̀. Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe, tí wọ́n gbàgbé láti fa kébù náà padà, tí wọ́n sì ti ń na owó gíábọ́ọ̀sì mìíràn jáde. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan wáyà. Bí iná O/D OFF bá ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà mọ́tò ti rí nǹkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ sikáánà kà á. Sólénọ́ìdì, ìyẹn fáàfù oníná tó ń pààrọ̀ gíà, yẹ kó wà láàárín ohm 11 sí 15 tí a bá wọ̀n ọ́n. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò gba owó: mo yọ púlọ́ọ̀gì wáyà sólénọ́ìdì. Báyìí, kọ̀ǹpútà ò lè pààrọ̀ gíà mọ́, ọwọ́ mi ni yóò máa ṣe é. Lórí A140E, L á fún mi ní gíà kìíní, 2 á fún mi ní ẹ̀kẹta, D á fún mi ní ẹ̀kẹrin. Bí gbogbo wọn bá gbé dáadáa, inú gíà kò ní àìsàn kankan, wáyà tàbí bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, ni ká wá lọ. Ti Bàbá gbé ní L. Mo sún un sí 2, ẹ́ńjìnì ké, mọ́tò ń fà tìkọ̀tìkọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún wọn pé, "Bàbá, a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Kí ló dé tí mi ò fi ní kí wọ́n ra tòkunbọ̀? Gíà tòkunbọ̀ A140E náà ti lé ní ogún ọdún, rọ́bà inú rẹ̀ dàgbà bíi tiyín, ẹni tó tà á ò sì lè sọ bí wọ́n ṣe lò ó. Bí irin inú tiyín bá ṣì dáa, mo rò pé ó sàn kí ẹ fi owó yẹn tún tiyín ṣe. Bí eyín irin bá ti kán, ọ̀rọ̀ á yí padà.

A tú àwo ìsàlẹ̀. Eruku eérú dídán tó lẹ̀ mọ́ máginẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, ti ọjọ́ orí nìyẹn. A ò rí irin tó fọ́. Nígbà tí a ṣí ìdì gíà kẹta, mo gbé pléètì kan lé Bàbá lọ́wọ́. Ó dúdú bí èédú, bébà rẹ̀ sì ń já bọ́ sí wọn látẹ́lẹwọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ti na ọwọ́ sí pléètì tuntun. Mo ní kó dúró. Mo fa rọ́bà sìílì písítìnì yọ, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ṣẹ́ bíi igi gbígbẹ. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀: ooru ti mú rọ́bà le, ọ́ìlì ń jò kọjá, písítìnì ò lè fún pléètì pọ̀ mọ́, wọ́n ń yọ̀, wọ́n sì jóná. Ẹni tó bá pààrọ̀ pléètì tó fi sìílì yẹn sílẹ̀, mọ́tò náà á tún padà wá. Ooru ọ̀hún náà ní orísun: ọ̀kan nínú fáànù rádíétọ̀ Bàbá kò yí mọ́, inú rádíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà sì ti ń tutù.

A pààrọ̀ gbogbo sìílì, gbogbo pléètì oníbébà, fíltà, àti kọ̀nfátà, ìyẹn ike irin ńlá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wọ inú gíà. A fọ páìpù tó lọ sí rádíétọ̀ dáadáa, torí ìdọ̀tí gíà àtijọ́ máa ń sápamọ́ síbẹ̀. A rẹ pléètì tuntun sínú ọ́ìlì, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kì í tò wọ́n ní gbígbẹ. Lẹ́yìn tí a to ìdì kọ̀ọ̀kan, a fẹ́ atẹ́gùn sí ihò ọ́ìlì rẹ̀: bí písítìnì bá dún "gbì," ó dáa, bí atẹ́gùn bá ń sín, a tú u padà. Kọ̀nfátà gbọ́dọ̀ wọlé ní ìgbà mẹ́ta bí a ti ń yí i. Ẹni tó bá fi bóòtù fà á wọlé á fọ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì gíà.

Ọ́ìlì tí mọ́tò yìí ń mu ni Dexron III. Tí ẹ bá kàn tú ọ́ìlì àwo ìsàlẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀, nǹkan bíi lítà méjì àbọ̀ ni yóò wọlé, àmọ́ dífíréńṣà rẹ̀, tó ń pín agbára fún táyà, ní yàrá tirẹ̀, lítà 1.6, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọ́ìlì tuntun ló ń pa gíà, gíà wọn ti ń kú kó tó dé.

Nígbà tí a parí, mo ní kí Bàbá wo aago wọn. Láti N sí D, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 1.2 lọ kó tó gbé. Láti N sí rìfáàsì, 1.5. Wọ́n fi sí rìfáàsì láìtẹ iná, mọ́tò sì yọ́ fẹ̀yìn rìn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. A tún fáànù ṣe kí wọ́n tó lọ. Wọ́n mú ọ̀kan nínú pléètì dúdú náà dání, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han àwọn ọmọ tó fowó ránṣẹ́.